Àwọn Tó Kúnlẹ̀ Nísàlẹ̀ Àwòrán

Ara tèmi kì í gba ìdúró. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí mi, mo ti fi ẹsẹ̀ ta ìyá àgbẹ̀bí kí n tó ké. Páànù ni mò ń tà ní Ṣakí, páànù àti ìṣó àti símẹ́ǹtì, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá dúró síwájú mi tó ń rò ó lọ tó ń rò ó bọ̀, n ó ti dá ẹlòmíràn lóhùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àìfararọ tó bá mi kọjá ti ojoojúmọ́. N kò lè jókòó, n kò lè jẹun kó dénú. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan tí n kò fojú kàn rí ni.

Kí wọ́n tó bí mi, ìyá mi bí ọmọbìnrin kan tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èéyi ló pa á, kò tíì máa rìn. Oko tó wà lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ́dù ni àwọn òbí mi ń gbé nígbà náà, ta ló sì ń ya ọmọ ọwọ́ ní fọ́tò níbẹ̀? Nígbà tó kú, àwọn àgbà gbé e lọ sin, wọn ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún ìyá mi, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n ní kó nu ojú rẹ̀, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi sì ni omi tí wọ́n tún pọn.

Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi máa ń sọ nípa ọmọ náà ni pé mo jọ ọ́. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín, mo jọ ọ́. Bí mo bá di ojú mi kókó, mo tún jọ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, torí ta ló fẹ́ máa gbé ojú òkú kiri? Nígbà tí mo wá di ìyá ọlọ́mọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú dígí, mo ń wá a. N kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí kò ṣe èmi tí mo ń gbó lọ.

Ó ku ibì kan ṣoṣo láyé tí ojú ọmọ náà wà. Ní ọdún tó wà láyé, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá sí oko bàbá mi. Wọ́n ti gbọ́ pé iṣu rẹ̀ ta, wọ́n fẹ́ kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Bàbá mi wọ fìlà rẹ̀ tó dára jù, ó dúró níwájú iṣu tí wọ́n tò jọ bí ògiri, ó ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi bu omi sínú igbá, ó gbé e wá fún àwọn àlejò, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò ọkọ rẹ̀, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wọkọ̀ lọ. Kò sí tẹlifíṣọ̀n lóko, ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí i. Ìbátan wa kan tó ń gbé Ìbàdàn ló ránṣẹ́ wá pé òun rí bàbá mi, pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ọba. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ ti lọ. Bàbá mi náà ti wá lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tẹlifíṣọ̀n ìyá mi kí ẹ lè mọ ohun tó dé bá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Ìsẹ́yìn ló gbé pílásímà kan wá fún un, gbọọrọ bí àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. A so ó mọ́ dẹ́kódà, nítorí gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti di ti dígítà. Àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe lóde òní kún ojú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ètò àtijọ́ jáde, èyí tí wọ́n yà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì rí bí àpótí, àárín ni àwòrán náà máa ń dúró sí, ilẹ̀ dúdú a wà lápá ọ̀tún, òmíràn a wà lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè rí i sójú. Ó ní ta ló jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Ó tẹ rìmóòtù, ó na àwòrán náà títí tó fi kan etí kejì.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó bá jáde nínú ètò àtijọ́ ti di ọlọ́rùn kúkúrú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a rí pẹlẹbẹ, bọ́ọ̀lù a rí bí ẹyin. Ìyá mi a máa bi wá pé ṣé kò sí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ láyé ìgbà àwọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi a ní oúnjẹ pọ̀ nígbà náà ni.

Kì í ṣe òun nìkan ni ilẹ̀ dúdú yẹn ń bí nínú. Gbogbo àdúgbò wa ló gbà pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba tó ń gbé àwọn ètò àtijọ́ náà jáde lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní àwọn ra odindi tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fún àwọn ní àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà pè wọ́n. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀ dúdú pòórá. Àwòrán àtijọ́ kún ojú pílásímà, kò sì sí ẹni tó sanra lódì mọ́. Inú àdúgbò dùn, wọ́n ní ariwo la fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ìgbà náà ni wọ́n kéde pé ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọn yóò gbé ètò kan tí wọ́n yà ní àwọn oko Òkè-Ògùn láyé àtijọ́ jáde, wọ́n sì fi bàbá mi hàn fìrí. Ìyá mi ń bó ẹ̀gbodò lọ́wọ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ bàbá mi rárá. Ó ní, "Ọmọ yẹn wà níbẹ̀."

Kí Ọjọ́ Àìkú tó dé, mo ti di wèrè díẹ̀. Mo ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, mo tún lọ ra òmíràn torí mo rò pé èyí tí mo rà lábùlà. Òjò ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá òjò jà, torí tí òjò bá ń rọ̀, àwòrán dígítà a máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni. Ìyá mi ní kí n jókòó, mo jókòó, mo tún dìde. Òun ní tirẹ̀ wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ ìrun Jímọ̀, ó tọ́ tìróò, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń retí àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi ti Ìsẹ́yìn dé. Òjò ò rọ̀.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá mi ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni àwòrán dé, ó kún ojú pílásímà bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sí fìlà lórí bàbá mi. Wọ́n ti gé e níbi iwájú orí. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí ebè àti èèpo iṣu, iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, àmọ́ láti ìdodo rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó wo ìsàlẹ̀, ó sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́," bí ọkọ ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó níwájú àlejò. Ṣóńṣó gèlè kan yọ nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú etí igbá. Gèlè náà mì díẹ̀, ó sì lọ.

Ìyá mi dìde. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí wáyà wà. Ó ní, "Mo wà nísàlẹ̀ níbẹ̀." Nígbà tó rí i pé ara ògiri ni òun ń wò, ó padà lọ jókòó.

Ara tèmi ò gbà á. Mo já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Mo tẹ èyí tó ń na àwòrán, bàbá mi sanra. Mo tẹ èyí tó ń kó o jọ sáàárín, ó rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ilẹ̀ dúdú sì padà dé. Síbẹ̀ fìlà kò wọlé, orúnkún ìyá mi kò wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ rìmóòtù wa. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti gé e kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún un pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń pariwo ilẹ̀ dúdú ló fà á, pé wọ́n ní kí àwòrán kún, ó ti kún. Òun náà dá mi lóhùn pé ṣé òun ni òun mú àáké gé ènìyàn ni. A ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ètò fi parí. Olóòtú wá sọ pé wọn yóò tún gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tó jáde kúrò ní Ṣakí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé àwọn ètò àtijọ́ yìí jáde. Mo ní kí ìyá mi dúró sílé. Ó ti wọ bàtà. Mo ní orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó ní ṣé orúnkún ni òun fẹ́ fi sọ̀rọ̀ ni. A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbọ̀n wá lórí ilẹ̀ pupa náà, èmi sì ń to èébú tí n ó bú wọn jọ sínú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n mú wa lọ bá, òun ló ń bójú tó ohun tó ń jáde lórí afẹ́fẹ́. Ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó kí wa dáadáa, ó fún ìyá mi ní àga, kò sì jọ pé ó fẹ́ ìjà, èyí tó tún bí mi nínú sí i. Mo ṣàlàyé. Ó fọ ọwọ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi hàn wá pé ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà tí ènìyàn lè fi gbé àwòrán onígun ọgbọọgba sójú tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ. O lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ilẹ̀ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. O lè nà án, kí ènìyàn sanra. Tàbí kí o mú un tóbi títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi kan etí, èyí ni àwọn ń ṣe báyìí. Ó ní bí ẹ̀gbẹ́ bá ti kún, òkè àti ìsàlẹ̀ ò lè má ṣẹ́ kù síta. Ó ní kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ènìyàn ò ní sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, àmọ́ ilẹ̀ dúdú ni wọ́n bú àwọn sí jù.

Mo ní òkè àti ìsàlẹ̀ wo? Mo ní ṣé ó mọ ẹni tó máa ń wà nísàlẹ̀ nínú àwòrán wa? Obìnrin ni. Ẹni tó ń gbé omi kalẹ̀ ni, ẹni tó ń kí àlejò, ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo ètò àtijọ́ tí wọ́n ń gbé jáde, àwọn tó kúnlẹ̀ ni wọ́n ń gé dànù. Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn kan ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pàṣẹ, àti pé tí òun bá dá ilẹ̀ dúdú padà ní Ọjọ́rú, fóònù yóò dún dún, ọ̀gá òun yóò sì pe òun. Ó ń bẹ̀ wá pé kí a máa bínú.

Ìyá mi dìde lórí àga. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọ̀dọ́kùnrin náà.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí obìnrin tó tó bíni lọ́mọ kúnlẹ̀ fún ènìyàn lọ́sàn-án gangan, èpè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ò sí. Ọ̀dọ́kùnrin náà fò kúrò lórí àga, ó ti tábìlì, búrẹ́dì já bọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì níwájú rẹ̀. Ó ń pariwo pé kí ìyá má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun ò ṣe wọ́n níbi, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, àwọn náà ń dọ̀bálẹ̀. Èmi gan-an, tí mo ti ń bínú bọ̀ láti àárọ̀, mo ń fa ìyá mi lápá pé kó dìde, ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìyá mi gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó wo ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò bẹ̀ ọ́, mi ò sì gé ọ légùn-ún. Ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà ni mò ń fi hàn ọ́." Ó fi ọwọ́ wọn ibi tí kámẹ́rà wà, ó wọn ibi tí bàbá mi dúró sí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ọmọ kan wà níbí. Ẹ ò jẹ́ kí n rí i."

Kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí ọmọ náà wà báyìí. Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, òun àti èmi gbé ìyá mi sórí àga. Ó ní bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á ni òun yóò ṣe fi í ránṣẹ́. Ó ní kí fóònù máa dún.

N kò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lówó orí, mo sì mọ bí ọ̀gá ṣe máa ń yí ènìyàn lọ́kàn padà. Láti ọjọ́ náà títí di Ọjọ́rú, mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìyá mi bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo ta páànù fún ẹni tó bèèrè ìṣó. Ìbẹ̀rù mìíràn sì wà nínú mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń ro bí yóò ṣe rí lára mi tí mo bá rí ojú ara mi lára ọmọ tó ti kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ojú yẹn fún un. Bóyá n ó wá rí i pé tirẹ̀ ni, àti pé èmi kàn ń bá a lò ó ni.

Ní Ọjọ́rú, àwa mẹ́ta náà ni a jókòó. Ètò bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ dúdú sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gàǹgà gàǹgà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ síbi rìmóòtù, n kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi ká a kò fúnra rẹ̀. Bàbá mi dúró láàárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe rí láyé, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ láìyingin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọge kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ẹ̀ wo ìyá wa!" Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, a ò rí ju irun rẹ̀ lọ.

Ó gbé igbá kalẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ síwájú ni ọmọ náà jí, ó gbé orí sókè, ó sì wo kámẹ́rà tààrà. Iwájú orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó di ẹnu náà mú bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀. Mo wá ara mi níbẹ̀, mo wá a títí. Kò jọ mí. Kò sí ibi kankan tó ti jọ mí. Ó tún fi orí lélẹ̀, ìyá rẹ̀ dìde, wọ́n sì jáde lọ láti ibi tí wọ́n gbà wọlé.

Bàbá mi ń bá ọ̀rọ̀ iṣu lọ. Ìyá mi ò gbọ́ ọ mọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Mo ti gbàgbé ojú rẹ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbàgbé. Ojú tìrẹ ni mo fi ń rántí rẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo jókòó jẹ́ẹ́. Ó yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, ó wò mí pẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ó ní, "Ìwọ rèé."